Ọṣẹ Àsàbí

Mọ́ńdè, 9 Júùnù 2014

Ọjọ́ kìíní nìyí, ó sì ti sú mi. Nínú trotro, bọ́ọ̀sì akérò, láti Mamobi, ọkùnrin kan gbé abíyá lé mi lórí títí a fi dé Kaneshie, bí ẹni fi agboorùn bo ọmọlójú. Kí n tó sọ̀ ni mo ti mọ ohun tó jẹ lánàá àti ìgbà tó wẹ̀ kẹ́yìn.

Ilé-iṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán mi lọ kọ́ṣẹ́ wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí gọ́tà dúró sí tí kò ṣàn mọ́. Ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, kò sí ibi tó ń rùn tó o.

Mista Ofori ni ọ̀gá. Kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, á kọ́kọ́ ha ọ̀nà ọ̀fun, "hááàkìn", á wá gbé e mì. Kì í tu ú. Ó ń gbé e mì. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo kí i, kò dáhùn. Ó yẹ ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún mi wò, ó ní Alata ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Ghana, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní ó dáa, nítorí pé alata sàmínà, ọṣẹ dúdú àwa Alata, ni òun ń ṣe, òun kò sì tíì ní Alata kankan níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo máa lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá fọwọ́ sí ìwé atáṣímẹ́ǹtì mi lópin rẹ̀, kò sí ọdún kejì fún mi, èmi tí ìṣirò ti gbé ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fi àánú gbà mí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ìwé tiwọn: lónìí mo kọ́ bí a ti ń di ọjà. Tèmi nìyí. Yorùbá ni, bí Àlùfáà Ṣéhù ṣe fi ẹgba kọ́ wa ní ilé-kéwú, nítorí pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó lè kà á.

Wẹ́sìdè, 11 Júùnù

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí eérú kòkó. Kò sí àdín. Ọṣẹ funfun wínníwínní kan ló ń ti òkè òkun wá nínú àpò. Wọ́n á yọ́ ọ nínú àgbá, wọ́n á da dáì dúdú sí i, wọ́n á wá bu eérú ìdí ààrò ìyá tó ń se kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tà lé e lórí kí ojú rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka bí ti gidi. Ọwọ́ ẹni tó ń rò ó dúdú dé ìgunpá. Ó fi ọṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe fọ̀ ọ́, kò lọ. Kẹrosíìnì ló fi ń fọ̀ ọ́.

Mo délé, Màmá kò jẹ́ kí n jókòó. Màmá ló bí bàbá mi, òun ló sì wò mí dàgbà. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ti ń kiri rẹ̀ ní Mamobi àti Nima kí wọ́n tó bí bàbá mi rárá. Ó fà mí ní ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo gbé wọlé. Mo ní ọṣẹ ni.

"Ọṣẹ kọ́ nìyẹn, Àkíbù. Lọ bọ́ ọ síta."

Mo bọ́ ọ síta. Ewúrẹ́ onílé gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí kúrò. Ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí.

Jímọ̀, 13 Júùnù

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa láyé yìí: kí n sín ènìyàn jẹ. Mo lè sín onílé wa jẹ débi pé ìyàwó rẹ̀ á dá mi lóhùn láti inú balùwẹ̀. Mo ti fi ohùn méètì, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀, dá trotro dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fẹ́ sọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi, eré tèmi nìyẹn.

Lónìí, iná ti lọ láti àárọ̀, dúmsọ̀, àwọn tó ń di ọṣẹ sì ń tòògbé lórí páálí. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ha ọ̀fun, "hááàkìn", mo gbé e mì, mo ní kí ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹni mẹ́fà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Páálí méjì dànù. Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi gbọ́ "hááàkìn" kan tí kì í ṣe tèmi lẹ́yìn ọrùn mi.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó kàn wò mí bí ẹni ń wo ẹrù tó fẹ́ rà, ó ní ta ni mo tún lè ṣe. Ìbẹ̀rù ni mo fi ṣe ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Màmá ni, pẹ̀lú ìpolówó rẹ̀:

*Ọṣẹ rèé o, ọṣẹ dúdú,*
*ó wẹ ọmọ, ó wẹ àgbà,*
*ó lé kúrúnà, ó lé èélá,*
*kò ta ni lójú, kò bó ni lára.*
*Àsàbí dà á o.*

Mista Ofori sún mọ́ mi. Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó bèèrè èyí tó kẹ́yìn. Mo ní Àsàbí ló dà á, orúkọ ẹni tó da ọṣẹ náà nígbà ìwáṣẹ̀, ọṣẹ Àsàbí. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré nìyẹn.

Mista Ofori ń tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. "Àsàbí," ó ní. "Àsàbí. Ó dùn."

Túsìdè, 17 Júùnù

Wọ́n mú mi lọ gba ohùn ìpolówó náà sílẹ̀ nínú iyàrá kan tí kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tí ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé-ìwé gbogbo Accra. Mista Ofori ní ohùn náà ti gbó jù. Lóòótọ́ ni, Màmá ti pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ohùn rẹ̀ ti ń há. Mo bá dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Mo ṣe é bí obìnrin tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta, ohùn tó tutù, tó sì kún. Ọmọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ yọ àgbékọ́ etí rẹ̀ kúrò, ó wò mí bí ẹni rí àǹjọ̀nú.

Mista Ofori ní tí ọjà bá tà, ìwé mi ti di fífọwọ́sí ná.

N kò sọ fún Màmá. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ní òjijì. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 21 Júùnù

Wọ́n kó wa lọ sí etí òkun ní Labadi láti lọ polówó. Ìrìn-àjò ìgbádùn ni wọ́n pè é. Ẹṣin tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ ń ya ìgbẹ́ sórí iyanrìn, ọmọdé ń kọ́ ilé nínú rẹ̀. Mista Ofori ní kí n wẹ̀ nínú òkun pẹ̀lú ọṣẹ náà kí ayé rí i. Mo wẹ̀. Dáì dúdú ṣàn láti orí mi wọnú pátá funfun, obìnrin òyìnbó kan sì fa ọmọ rẹ̀ kúrò nínú omi.

Ghana gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Germany, méjì sí méjì. Gbogbo Mamobi ń jó. Èmi ń fi kànìnkànìn họ ọrùn.

Àlàmísì, 26 Júùnù

Wọ́n rán mi lọ sí Darkuman lọ gbé bébà tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Bàbá Àrówólò ló tẹ̀ ẹ́, bàbá arúgbó ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ìka rẹ̀ kò mọ́ kúrò nínú yíǹkì mọ́. ASABI, gàdàgbà, lẹ́tà wúrà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ya omidan pupa kan sí, tí kò fi ọṣẹ dúdú kan ara rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Bàbá Àrówólò bi mí ta ló ni orúkọ yẹn. Mo ní ọṣẹ ló ni ín.

Ó ní, "Ọṣẹ ló ni ín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní ó dáa, ó sì padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Sọ́ńdè, 29 Júùnù

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbé dáì mì.

Àlàmísì, 3 Júláì

N kò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ọ́, mi ò ní lè sùn.

Mọ́tò tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ wọ Mamobi ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Kwabena ló ń wà á, èmi jókòó sẹ́yìn láàárín páálí, mo tẹrí ba kí ará àdúgbò má rí mi. Ohùn ń dún lórí mọ́tò, ohùn tí mo ṣe, ó ń gba gbogbo kọ̀rọ̀ lọ. Kwabena rẹ́rìn-ín sínú dígí, ó ní, "Ṣálè, ọ̀rẹ́ mi, wò ó, oníbàárà ti ń sáré tẹ̀lé wa."

Mo gbórí sókè. Màmá ni.

Kò wé gèlè, kò fi ìborùn borí. N kò rí irun rẹ̀ níta rí láyé mi. Funfun ni, ó sì fọ́nká. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń sáré lẹ́yìn mọ́tò láàárín ọ̀nà bí ọmọdé, ó na ọwọ́, ó ń ké nǹkan kan tí n kò gbọ́, nítorí pé ohùn orí mọ́tò bò ó. Ohùn rẹ̀ ló bo ohùn rẹ̀.

Mo ní kí Kwabena dúró. Màmá dé, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń mí. Ó wò mí, ó sì wo ẹ̀yìn mi, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó wo àárín páálí.

"Níbo ló wà?"

Mo ní, "Ta ni, Màmá?"

"Obìnrin tó ń pè yẹn. Ohùn mi ni. Ohùn mi ló jogún."

Mo ní èmi ni. Ó ní rárá, obìnrin ni. Mo bá ṣe é fún un níbẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, láti ọṣẹ rèé o títí dé Àsàbí. Ó jẹ́ kí n ṣe é tán. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó yí padà, ó ń lọ, ó ń wá bàtà rẹ̀ kejì nílẹ̀.

Bàtà náà ni mo rí nínú gọ́tà. Mo wọ inú gọ́tà lọ mú un. Kò rùn sí mi. Èmi ni mo ń rùn.

Jímọ̀, 4 Júláì

Màmá kò kiri lónìí. Ó ṣínu pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu, ó sì wọlé lọ sùn.

Sátidé, 5 Júláì

Ní òwúrọ̀ yìí ó ń ku eérú kòkó nínú asẹ́, ó ní kí n jókòó. Ó ní kí n tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn sọ. Mo sọ ọ́. Ó ní kí ni mo rò pé mo ń sọ.

Mo ní, "Àsàbí dà á."

"Dà á, bí ẹni da omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òun ló da ọṣẹ."

Ó gbé asẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Dà, Àkíbù. *Àsàbí dà?* Mò ń bèèrè rẹ̀ ni."

Ó wá sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa òjò. Àsàbí ni àkọ́bí rẹ̀. Tí wọ́n bá ń kiri, ọmọ náà á gbé igbá kékeré ṣáájú, nínú èrò ọjà, Màmá á sì máa parí ìpolówó rẹ̀ pẹ̀lú "Àsàbí dà?" kí ọmọ náà lè dáhùn pé "Èmi rèé o", kí òun lè mọ̀ pé kò tíì sọnù. Ní ọdún 1969 ni ìjọba ìgbà náà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Ghana. Màmá fi Àsàbí sínú lọ́rì pẹ̀lú àbúrò òun fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun á kó ìyókù ọṣẹ tẹ̀lé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àsàbí. Àbúrò rẹ̀ ṣàìsàn lọ́nà, ọ̀nà Kutonu ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọmọ gbà. Màmá wá a fún ọdún méjì, kò rí i, ó sì padà sí Accra.

Mo ní kí ló dé tó fi padà.

Ó ní, "Accra ló mọ̀. Tó bá ń wá mi, ibí ló máa wá. Tó bá dé, kí ló máa fi mọ̀ mí? Ìpolówó mi."

Ọdún márùndínláàádọ́ta ló ti ń bèèrè. Èmi gbọ́ ọ lójoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rò pé ọṣẹ ni. Mo rò pé ìdákẹ́ tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èémí ló ń mí.

 

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Bébà tuntun ni Mista Ofori fẹ́ tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ASABI. Mo wọ ilé ìgbẹ́ lọ pẹ̀lú fóònù, mo pe Bàbá Àrówólò. Mo ha ọ̀fun, mo gbé e mì, mo ní, "Ẹ káàsán sà. Mista Ofori nìyí. Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò."

 Ó wá fi Yorùbá dáhùn.

"Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá Ofori ṣiṣẹ́, kò kí mi rí. Ta nìyí?"

Mo lè sín ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé Màmá ló tú mi fó. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó ní òun mọ̀, gbogbo àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ ní Accra mọ ẹni tí Màmá ń pè. Mo ní kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo bi ọ́ léèrè. O ní ọṣẹ ló ni ín."

Ó ní òun kì í fi ohùn lásán yí iṣẹ́ padà. Kí n mú ìbuwọ́lù ọ̀gá wá.

Túsìdè, 8 Júláì

Mo bá Mista Ofori nídìí wáákyè, ìrẹsì ẹlẹ́wà tó ń jẹ. Ẹyin wà ní igun ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un: orúkọ ọmọ tó sọnù ni, ìyá rẹ̀ ṣì ń wá a. Ó jẹun tán. Ó ní orúkọ kì í ṣe ilẹ̀, kò sí ẹni tó ní ìwé rẹ̀. Ó ní ṣé Àsàbí máa wá pe òun lẹ́jọ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹyin já bọ́.

Mo bá pa irọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Lèmọ́mù, wọn á sì kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní gbogbo Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí. Irọ́ pọ́ńbélé, nínú ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Zongo ni ọjà rẹ̀ ti ń tà jù lóṣù yìí. Ó ha ọ̀fun, ó sì gbàgbé láti gbé e mì fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní kí n wá orúkọ Alata mìíràn fún òun kó tó di ọ̀la. Èyí tó le.

Wẹ́sìdè, 9 Júláì

Òjò láti ìdájí. Gọ́tà ti wọlé wá bá wa. A ń fi ìgbálẹ̀ lé ìgbẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ páálí ọṣẹ ìwẹ̀.

Mo kọ orúkọ náà sórí bébà fún un: AYEDERU.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń pe irú ọṣẹ yìí gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ tí mo sọ fún un láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí wà nínú rẹ̀. Ó ní ó dún bí orúkọ ọbabìnrin. Ó fọwọ́ sí i.

Ní Darkuman, Bàbá Àrówólò yọ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó bi mí bóyá ìbuwọ́lù Ofori gan-an nìyẹn. Mo ní òun ni. Ó ní, "Ẹ̀rọ mi kò tíì tẹ irú òtítọ́ báyìí rí."

Mọ́ńdè, 14 Júláì

A tún padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù oníbọ̀sẹ̀. Mista Ofori ní kí n fi orúkọ tuntun gba ohùn tuntun, ohùn ọkùnrin, ohùn ẹni ńlá. Mo ronú nípa ẹni ńlá tí mo mọ̀.

*Hááàkìn. Ẹ wá ra ọṣẹ ayédèrú. Ayédèrú pọ́ńbélé ni. Kò lé kúrúnà, kò lé èélá. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Hááàkìn.*

Mo gbé e mì níwájú ẹ̀rọ, kí ó dún.

Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ta ni ọkùnrin yẹn, ó dún bí ẹni tó ti jẹun yó. Kò dá ara rẹ̀ mọ̀.

Jímọ̀, 18 Júláì

Madina. Mo tún wà lẹ́yìn mọ́tò, ṣùgbọ́n n kò tẹrí ba. Àwọn obìnrin Yorùbá tó wà nídìí ìsọ̀ gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ń túmọ̀ rẹ̀ fún Hausa, Hausa ń túmọ̀ rẹ̀ fún ará Ga. Ìyá Afeefah tó ń ta àkàrà kóósé nu ojú, ó ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa ọjà rẹ̀ ní Madina nìyí." Ó ra ẹyọ kan, ó ní òun á fi han ọkọ òun. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé wa, gbogbo wọn ń ha ọ̀fun.

Kwabena rò pé ọjà ń tà.

Mo délé, mo ka bébà náà fún Màmá, nítorí pé kò mọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, mo rò pé ẹ̀rín ni. Ó bi mí bóyá orúkọ ọmọ òun ti kúrò lórí rẹ̀. Mo ní ó ti kúrò. Ó ní ohùn òun ńkọ́. Mo ní ó ti kúrò.

Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n igbá rẹ̀ ṣì dojú dé níbi ògiri, láti ọjọ́ tó sáré yẹn. Ẹ̀rín gbogbo Madina, kò gbé igbá yẹn sókè.

Mọ́ńdè, 21 Júláì

Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Madina fúnra rẹ̀ kó páálí mọ́kànlélógún padà, ó sì jókòó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Mista Ofori ní ìrọ̀rùn.

Wọ́n pè mí. Mista Ofori kò ha ọ̀fun. Ó pè mí ní kwasia, òmùgọ̀, ó mú ìwé atáṣímẹ́ǹtì mi lórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú rẹ̀, ó rìn lọ sídìí àgbá, ó jù ú sínú dáì. Mo wò ó bí ó ṣe ń rì.

Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tó pè mí padà. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ohùn orí mọ́tò yẹn, èmi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ṣé bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó fẹ́ ha ọ̀fun, ó dá a dúró ní àárín. Ó fọwọ́ mú ọrùn. Mo rò pé màá gbádùn rẹ̀. N kò gbádùn rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn, mo ti rí i rí lóṣù yìí.

Àlàmísì, 24 Júláì

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sọ̀rọ̀: kí n tún ọdún kìíní ṣe. Mo sọ fún Màmá. Ó ní ọdún kan kì í ṣe márùndínláàádọ́ta.

Sátidé, 26 Júláì

Ọdún ìtúnu ku ọjọ́ méjì. Gbogbo Mamobi ń wá ọṣẹ láti fi wẹ ọmọ, ọṣẹ Màmá sì kún inú ìkòkò, kò sí ẹni tó mọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ó ṣí igbá náà, ó to ọṣẹ sí i, ó bo ewé lé e. Ó gbé e rù mí. Ó ní ọ̀fun òun kò gbà á mọ́, láti ọjọ́ tó sáré. Ó ní kí n máa lọ níwájú.

Mo gbéra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké e bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ké, ohùn rẹ̀ gan-an, híhá rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ó fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Tèmi kọ́. Tìrẹ."

Mo ní, "Màmá, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Orúkọ ló máa mọ̀. Fi ohùn tìrẹ pè é."

Mo wá ohùn tèmi. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Ó tínrín, ó dà bí ti àkùkọ tó ń kọ́ bí a ti ń kọ. Àwọn ọmọ ilé-kéwú dúró, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Mo ké e títí dé ìparí, ó kó mi nírìíra, mo sì fẹ́ sáré padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọṣẹ rèé o.

Màmá tún fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn lè ráyè.

Mo pè é.

Mo dúró.